Bí a ṣe ń fi half-life ṣírò àkókò tí èròjà fi ń dínkù

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì. Ẹ mú bírò àti ìwé, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ẹ wo pátákó. Cyclopropane ń yí padà di propene ní ìwọ̀n ooru 500°C. First order ni, ìyẹn ni pé bí èròjà tó kù bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń yára yí padà tó; k rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìyípadà náà ṣe yára tó, sì jẹ́ 6.7 × 10⁻⁴ s⁻¹. Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí cyclopropane náà tó ku ìdá 20 nínú 100?

Half-life ni àkókò tí ìdajì èròjà fi ń lọ. Ní first order, k la fi ń pín 0.693. Mo ti ṣe é sílẹ̀: 1,034 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú 17 ó lé díẹ̀.

Ẹ wá máa gé e sí méjì. Ní ìṣẹ́jú 17, ó ku 50. Ní 34, ó ku 25. Tó bá fi máa di 52, ó ti ku 12.5. Àárín 25 àti 12.5 ni 20 wà, nítorí náà ìdáhùn wa ò lè kúrò láàárín ìṣẹ́jú 34 sí 52, yóò sì sún mọ́ 34. Ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé yín, ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ lè mú ẹ̀rọ ìṣirò báyìí. Ẹ fi iye tó kù pín iye tí a fi bẹ̀rẹ̀: 100 ÷ 20, 5 nìyẹn. Ẹ tẹ ln, ìyẹn log tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ e: 1.609. Ẹ fi k pín in: bíi 2,400 ìṣẹ́jú-àáyá. Ogójì ìṣẹ́jú. Ó bọ́ síbi tí a fojú sí.

Ṣé ẹ rí bọ́tìnnì log, ti ìpìlẹ̀ 10, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ln yẹn? Ọ̀tá ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, 0.699 ló máa gbé jáde, ìdáhùn yín á wá di ìṣẹ́jú 17. Ó dára lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 17, ìdajì ṣì wà ńlẹ̀! Ohun tẹ́ ẹ kọ sétí ìwé ló máa tú u fó. Bákan náà, bí ìbéèrè bá ní ìdá 80 ti lọ, 20 ló kù; ẹ má fi 80 síbẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tẹ́ ẹ máa rí.

Second order, níbi tí ìyára ti ń tẹ̀lé iye tó kù ní ìlọ́po ara rẹ̀ (square), ò gba gígé yìí o. Tiẹ̀, half-life kọ̀ọ̀kan máa ń gùn ní ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é: cyclopropane kan náà, kó ku ìdá 10. Ìdáhùn tí kò bá bọ́ sáàárín ìṣẹ́jú 52 àti 69, ẹ tún un ṣe.