Ẹkún Scipio Níwájú Iná Carthage: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

As-salāmu alaykum wa rahmatullāh. Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, Jímọ̀ tún dé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi ẹ̀mí wa gbé e.

Súrà ọgbọ̀n nínú Kùránì Alápọ̀nlé ń jẹ́ Ar-Rūm, orúkọ àwọn ará Róòmù. Áyà tí a kì í sábàá dúró lé lórí níbẹ̀ ni ìkẹsàn-án: ṣé wọn kò rìn lórí ilẹ̀ ni, kí wọ́n wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú wọn ti rí? Àwọn yẹn lágbára jù wọ́n lọ, wọ́n ro ilẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká rin ìrìn náà dé Carthage, ìlú etíkun ní ilẹ̀ Tùnísíà òní. Nígbà tó fi di ọdún 149 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, Róòmù ti ṣẹ́gun ìlú yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì tó wọn. Róòmù ní kí àwọn ará Carthage fi ọmọ ìjòyè 300 dógò, wọ́n kó ọmọ wá. Róòmù tún ní kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n kó o sílẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ wọn ṣófo tán ni Róòmù tó sọ tinú rẹ̀: ẹ kó kúrò nílùú yín, ẹ lọ tẹ̀dó síbi tó jìnnà sókun, a fẹ́ wó o. Àwọn tó ń ti ojú òkun jẹun ni wọ́n sọ èyí fún! Ìdàlẹ̀ gbáà ni.

Carthage kọ̀. Àwọn obìnrin gé irun orí wọn, wọ́n fi hun okùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ju òkúta lógun. Ìlú náà dúró títí di ọdún 146 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, kí ọ̀gágun Róòmù, Scipio Aemilianus, tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jà láti ilé dé ilé. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn tó ṣẹ́ kù di ẹrú.

Bí iná ti ń jó ìlú, Scipio ń sunkún. Ó di ọwọ́ Polybius òpìtàn mú, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé lọ́jọ́ kan, irú àṣẹ yìí ni ẹlòmíràn yóò pa lórí ìlú tòun. Abọ̀rìṣà ni, kò gbọ́ áyà kan rí, síbẹ̀ ó rí i. Ṣùgbọ́n omijé náà kò ní kó pa iná.

Róòmù kò dúró. Láyé Trajan ọba Róòmù, ní ọdún 117 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, wọ́n ń jọba láti Bìrìtéènì dé odò Tígírísì. Nígbà tó di ọdún 455, ọkọ̀ ojú omi gbéra, àwọn Vandal, ẹ̀yà jagunjagun kan, ló wà nínú rẹ̀, Genseric ọba wọn ló ṣáájú. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fi kó Róòmù lẹ́rù. Ẹ mọ èbúté tí wọ́n ti gbéra? Carthage ni.

Ọlọ́hun ní: "Tilkal-ayyāmu nudāwiluhā baynan-nās." Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, À ń yí wọn po láàárín àwọn ènìyàn.

Àwa kò kó ogun ja ìlú kankan. Òkúta ààlà ńkọ́? Ilẹ̀ ọmọ òrukàn tí a mọ ọgbà yí ká mọ́ tiwa ńkọ́? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, wọn yóò fi í kọ́ ọ lọ́rùn láti inú ilẹ̀ méjèèje ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Na ọwọ́ rẹ wò, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Bó ti mọ nìyẹn. Bí òkúta kan bá wà tí o ti sún, lọ gbé e padà sípò rẹ̀ kí o tó ṣe àlùwàlá Jímọ̀ òní.