Kí Eré Tó Ń Bọ̀ Lè Pẹ́ Lójú Agbo

Mo júbà kí n tó lanu. Mo júbà Ẹ̀sà Ògbín tí àwọn eégún aláré ń júbà títí dòní. Mo júbà Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ọlọ́pàá tó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ tó gbé aṣọ ìtàgé wọ̀. Dúró Ládípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Moses Ọláìyá, ìbà yín o. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré, ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn eré tí ẹ fi wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn eré orí ìtàgé tó ń bọ̀ l'Ékòó, pàápàá èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tó dá dúró ń fi owó ara wọn gbé jáde. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, pósítà eré á kún orí fóònù gbogbo wa. Kérésì ń bọ̀, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń darí wálé, owó ń rìn nílùú. Àsìkò Ọdún Àjíǹde ni èkejì rẹ̀. Mi ò ní ka orúkọ àwọn eré tó ń bọ̀ fún yín, ẹ máa rí wọn fúnra yín. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ eré wa, ọjọ́ méjì péré ló ń lò láyé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìdí. Ẹgbẹ́ kan á ṣe ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà mìíràn á tó oṣù méjì. Òṣèré kan ń ti Ìkòròdú bọ̀, èkejì ń ti Ìyànà-Ìpájà, ẹ̀kẹta ń ti Àjàh, kálukú á wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó débẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá wá pé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń kó pákó, aṣọ ìkélé àti àga wọ gbọ̀ngàn, nítorí bí wọ́n bá kó wọn wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, owó ọjọ́ kan ti lé nìyẹn. Oníná á gun àkàbà títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, á máa yí iná kọ̀ọ̀kan síbi tí ojú òṣèré máa wà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ṣe é. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún un ṣe. Bákan náà lọ́jọ́ Àìkú. Bí àtẹ́wọ́ bá ti dákẹ́ lálẹ́ Àìkú, kí aago mọ́kànlá tó lù, wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Pákó tí káfíńtà fi ọ̀sẹ̀ méjì kàn, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni òjò á ti máa pa á.

Ṣé pákó nìkan ló ń ṣòfò? Ká sọ pé obìnrin kan ń ṣe ìyálé nínú eré kan. Ìyàwó tuntun ń gbé omi ìwẹ̀ kọjá, ìyálé á wá sọ fún un pé, "Rọra rìn o, ilẹ̀ ilé yìí máa ń yọ̀ fún àlejò." Níbi ìdánrawò, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Ní aago mẹ́ta ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín kó tó dé "àlejò", ẹ̀rín gbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà mì. Ní aago mẹ́fà, obìnrin yìí pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ náà wá di èébú lásán. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rù bà á, ó sáré sọ ọ́ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló tó rí ojú rẹ̀: ó dánu dúró lẹ́yìn "ilẹ̀ ilé yìí", ó tẹjú mọ́ ìyàwó tuntun, kò sọ nǹkan kan títí gbọ̀ngàn fi dákẹ́ rọ́rọ́, ó wá sọ ìyókù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Ara gbogbo èèyàn bù máṣọ. Ìgbà yẹn ni ìyálé dé orí ìtàgé gan-an. Ìgbà yẹn náà ni eré sì parí.

Aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í dú. Ẹ bi àwọn aláró Ọ̀ṣun àti Abẹ́òkúta léèrè. A rì í, a sá a, a tún un rì. Òṣèré náà nílò kí á tún un rì, kò sì sí olùkọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un bí kò ṣe òǹwòran.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall, ní Erékùṣù Èkó, fún ìjọ Aládùúrà tó ń lọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà náà. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́, tó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Eré kan náà ni wọ́n á gbé láti Èkó dé Ìbàdàn, dé Òkè Ọya, títí dé Góòlù Kóòsì tó di Gánà lónìí. Gbọ̀ngàn ilé ìwé, gbọ̀ngàn ìlú, ibi tí wọ́n bá ti rí àyè ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn á kọ́kọ́ yí ìlú po lọ́sàn-án. Owó tí wọ́n bá pa lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ni wọ́n á fi ra epo dé ìlú kejì. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ inú eré kì í sí nínú ìwé, ẹnu àwọn òṣèré ló wà, ó sì ń yí padà bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ṣe gbà á. Èyí tí ará Iléṣà kò rẹ́rìn-ín sí, kí wọ́n tó dé Àkúrẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí Ògúndé ṣe eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ó di 1966 tí ológun gbàjọba kí wọ́n tó tú òfin náà ká. Ẹ fi ọkàn sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ́, nítorí ó ṣì ń ṣeré l'Ékòó. Ọ̀nà ni wọ́n dí mọ́ ọn. Àwọn tó fòfin dè é mọ̀ pé eré tó bá ń rìn láti ìlú dé ìlú ló lágbára.

Ohun tó ká ìtàgé alárìnjò kúrò nílẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Tẹlifíṣọ̀n dé, sinimá dé, fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976, fídíò tẹ̀ lé e, owó epo ń ga, ìrìn òru sì di ohun ẹ̀rù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ibi tí oúnjẹ wà ni wọ́n lọ.

Lónìí, kì í ṣe gbọ̀ngàn la ṣe aláìní. Ilé ìtàgé ńlá Ìgànmú tí wọ́n kọ́ fún FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tó ti ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká láti 2024, ti tún ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ni wọ́n kọ́ ọ fún níbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́kùnrin mẹ́ta obìnrin mẹ́ta á sọnù síbẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn MUSON wà l'Ónìkan. Terra Kulture wà ní Victoria Island, níbi tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti ṣí gbọ̀ngàn ìtàgé aládàáni ní 2017, ìjókòó rẹ̀ lé ní 400. Ní Bàrígà, Crown Troupe of Africa tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996 ti fi hàn pé àdúgbò tí kò ní gbọ̀ngàn lè ní òṣèré tó gbóná.

Freedom Park ní Broad Street ni ọkàn mi fà sí jù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, ó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré Lagos Theatre Festival, tí British Council dá sílẹ̀ ní 2013, ti wáyé. Àwọn òṣèré kò dúró de àga tìmùtìmù. Abẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ ògiri, igun tó ṣófo, níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, òǹwòran sì ń tẹ̀ lé wọn káàkiri. Bí eré kò bá ní pákó tó pọ̀ tí a máa kàn, kò ní èyí tí a máa tú palẹ̀.

Ẹ sì rántí Wọlé Ògúntókun, tó fi wá sílẹ̀ ní 2024. Ní 2007 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré jáde ní Terra Kulture lọ́jọọjọ́ Àìkú. Èèyàn á jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jẹun, á mọ̀ pé eré wà. Kò dìgbà tó bá rí pósítà. Ní 2012, ẹgbẹ́ rẹ̀, Renegade Theatre, gbé Ìtàn Ògìnìntìn, ìyẹn The Winter's Tale ti Shakespeare, lọ sí ilé ìtàgé Globe ní London lédè Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Shakespeare 37 ní èdè 37. Ṣàngó, Ọya àti Ògún ló dúró nípò ọba àti ayaba lórí ìtàgé náà. Mo gbà pé àwọn ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ léra wọ̀nyẹn ló gbé wọn débẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwa kò lè dé ọ̀sẹ̀ kejì? Owó gbọ̀ngàn, ṣáájú la ń san án. Iná ìjọba kò ṣeé fọkàn tán, dísù jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ àwọn òṣèré ti di ẹrù tó ń tẹ ẹgbẹ́ kékeré lọ́rùn. Onígbọ̀wọ́ á sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló sanwó fún. Á ní kí a fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún àwọn àlejò òun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní wá. Òṣèré á máa wo àga òfìfo, àwọn tó fowó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì á máa nà ọrùn lẹ́yìn.

Àwa òǹwòran náà wà níbẹ̀. Gbogbo òṣèré tó wà níbí ti gbọ́ ọ rí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ mi sí lísìtì o." Ẹni tó ń sọ ọ́ lè fi ìlọ́po owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ra ẹja yíyan ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹni tó tilẹ̀ fẹ́ sanwó, ẹnu ọ̀nà ló ti máa san án, lẹ́yìn tó bá ti wo ojú òjò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland. Bó bá di ọjọ́rú, olórí ẹgbẹ́ kò mọ̀ bóyá èèyàn ogójì ló ń bọ̀ tàbí irinwó. Báwo ló ṣe fẹ́ gba gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni owó tó lè fi dá gbọ̀ngàn dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbìyànjú nìyí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé ìtàgé mẹ́rin sí Orégùn, Ìgàndó, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọ̀nà alárìnjò ni mo rí nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ẹ kọ eré tí òṣèré rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹrù rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá parí oṣù kan, ìyálé inú eré yín á ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú oríṣi èèyàn mẹ́rin.

Ẹ má ṣe gbé eré Victoria Island lọ bá ará Ẹ̀pẹ́ láìyí i padà. Ẹ ṣe é lédè Yorùbá, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka èdè ibẹ̀ dún nínú rẹ̀. Ní Àgbádárìgì, Ègùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nílé. Ẹ wá òṣèré kan tó lè dá orin Ègùn láàárín eré, kí gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Kí eré bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, kí ìyá arúgbó lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí owó ìwọlé jẹ́ èyí tí tọkọtaya alágbàṣe lè san, kí ọmọdé wọlé pẹ̀lú wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ pé ará Ìgàndó kì í wo eré orí ìtàgé. Ta ló gbé e lọ bá wọn? Àwọn kan náà ló ń kún ibi tí sinimá Yorùbá bá ti jáde, àwọn ló ń náwó fún oníjùjú àti onífújì. Wọ́n mọ eré. Èyí tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọn kò wò.

Fún àwọn tí eré wọn ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá yìí, ó ti pẹ́ jù láti tún un kọ, ẹ ṣe é bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí ó gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdúgbò ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde tí ojú rẹ̀ ń dán. Kí ó má gba ti àwọn tó sáré jáde. Nígbà tí oṣù Kejì bá dé, tí owó bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀, ẹ pe àwọn tó kọ Ìgàndó, Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún sílẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé eré ń bọ̀ ládùúgbò wọn, kí wọ́n mú ẹnì kan dání. Bí ẹ bá rí ọgọ́rùn-ún èèyàn báyìí tó ti sanwó ṣáájú, ẹ wá bá mi, a ó jọ lọ gba gbọ̀ngàn náà.