Yìgì tí kóòtù tú: ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn aṣàtúntò lóhùn nínú Islam òde òní

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ìyá wa ní ẹgbẹ́ àlásàlátù, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú àti ọmọ yunifásítì, mo kí yín pẹ̀lú sálámà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìjókòó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo kọ sílẹ̀ báyìí fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lẹ́yìn rẹ̀ kún un.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1995, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Káírò, olú-ìlú Íjíbítì, tú yìgì tọkọtaya kan, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó sọ pé òun fẹ́ kọ ẹnì kejì. Ọkọ ni Nasr Hamid Abu Zayd, olùkọ́ èdè Lárúbáwá àti ìmọ̀ Kùránì ní Yunifásítì Káírò. Ìyàwó ni Ibtihal Yunis, tí òun náà ń kọ́ni ní èdè Faransé ní yunifásítì kan náà. Àwọn agbẹjọ́rò tí kò bá wọn tan ló pe ẹjọ́ náà, wọ́n ní ohun tí ọkọ kọ sínú àwọn ìwé rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀sìn, àti pé obìnrin Mùsùlùmí kò lè wà lábẹ́ ọkọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọkọ ní Mùsùlùmí ni òun. Ìyàwó ní ọkọ òun kò ṣe ohun tó lè mú kí òun fi í sílẹ̀. Kóòtù tú yìgì náà síbẹ̀.

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń pè fún àtúntò èrò nínú Islam lóde òní, ìbéèrè tó sábà máa ń yá wa lẹ́nu ni pé ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ tàbí irọ́. Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: níbo ni a ti ń dá wọn lóhùn? Ní ìlú Káírò kan ṣoṣo yìí, láàárín ọdún tí kò tó 100, ìdáhùn kúrò lójú ìwé ìròyìn, ó dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà, ó dé kóòtù, ó sì dé ẹnu ìbọn. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí nípò, òye tí àwa Mùsùlùmí ní nípa ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ń dín kù ni.

Àríyànjiyàn kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀sìn wa. Nínú Kùránì, súrà kejìdínlọ́gọ́ta ń jẹ́ al-Mujādilah, obìnrin tó ń jiyàn. Khawla ọmọ Tha'laba ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ẹ̀yìn ìyá òun ló rí sí òun, gbólóhùn tí àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan fi ń so obìnrin rọ̀, tí kò fi ní jẹ́ ìyàwó ilé mọ́, tí kò sì ní lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ó wá bá Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò sì torí pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kó panu mọ́. Ọlọ́hun sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ súrà náà pé Òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń bá ọ jiyàn nípa ọkọ rẹ̀, ìdájọ́ tó tú u sílẹ̀ sì tẹ̀lé e. Mo máa ń ronú sí i pé súrà odidi ni wọ́n fi ìjiyàn obìnrin yìí sọ lórúkọ. Bákan náà, nínú súrà an-Naḥl, āyà 125, a pàṣẹ pé kí a bá àwọn ènìyàn jiyàn ní ọ̀nà tó dára jù lọ; āyà náà kò sọ pé kí a má jiyàn.

Àwọn Imam ńlá lóye èyí dáadáa. Àwa níbí ń tẹ̀lé Imam Malik, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ Malik ni Imam Shafi'i, ó sì yapa sí olùkọ́ rẹ̀ ní gbangba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ọmọ àlè ìmọ̀. Nígbà tí Shafi'i fúnra rẹ̀ kúrò ní Ìráàkì, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Íjíbítì, ó yí ọ̀pọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ padà, débi pé títí di òní àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pe ti àkọ́kọ́ ní ìdájọ́ àtijọ́, wọ́n sì ń pe ti Íjíbítì ní ìdájọ́ tuntun. Káírò tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà ni sàréè rẹ̀ wà.

Ìlú yìí kan náà ni Muhammad Abduh ti di Múfítì Íjíbítì, ìyẹn àgbà onímọ̀ tí ń fèsì ìbéèrè lórí òfin ẹ̀sìn fún orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1899. Ọmọ al-Azhar, ilé-ẹ̀kọ́ Islam àgbà ní Káírò, ni, wọ́n bí i ní 1849, ó sì kú ní 1905. Ohun tó gbé lọ́wọ́ ni pé kí ilẹ̀kùn ìjìtíhàdì ṣí, ìyẹn ni pé kí onímọ̀ máa fi gbogbo agbára làákàyè rẹ̀ wá ìdájọ́ láti inú Kùránì àti hádíìsì fún ìgbà tirẹ̀, dípò kó máa tún ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú sọ láìbéèrè ẹ̀rí. Ní 1903, àwọn Mùsùlùmí Transvaal ní gúúsù Áfíríkà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé àwọn lè dé fìlà òyìnbó, ṣé àwọn lè jẹ ẹran tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ pa, ṣé ẹni tó ń tẹ̀lé Imam Shafi'i lè kírun lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀lé Abu Hanifa. Ó dá wọn láre lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó takò ó bú u gidigidi nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn náà ni wọ́n ti takò ó.

Èyí tí mo fẹ́ jù nínú ìtàn Abduh ni ti ọdún 1902. Farah Antun, ọmọ Lẹ́bánónì tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ní ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ al-Jami'a. Ó kọ ọ̀rọ̀ nípa Ibn Rushd, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Mùsùlùmí àtijọ́, ó sì sọ níbẹ̀ pé ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì fàyè gba ìmọ̀ àti àwọn onímọ̀ ju Islam lọ. Ẹ rò ó wò. Múfítì odidi orílẹ̀-èdè ni Abduh nígbà náà. Kò gbé ẹjọ́, kò sì ní kí wọ́n ti ìwé ìròyìn pa. Kálámù ló mú, ó sì ń dáhùn léraléra nínú al-Manar, ìwé ìròyìn tí Rashid Rida dá sílẹ̀ ní 1898. Antun fèsì, Abduh náà fèsì. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò mọ Islam sí i, yóò sì mọ Ibn Rushd sí i.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ohun kan pa mọ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba Íjíbítì láti 1882, Lord Cromer tó ń ṣàkóso níbẹ̀ sì ń ti Abduh lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí àlùfáà kan ní al-Azhar bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àtúntò, tó sì rí òyìnbó amúnisìn tó ń pàtẹ́wọ́, kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá fura. Ìfura yẹn kò tíì tán lónìí, àwọn tó ń pè fún àtúntò kò sì ṣe dáadáa bí wọ́n bá ń fi ẹni tó ní i ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn tí ìjọba Túrkì pa ipò kàlífà, olórí gbogbo Mùsùlùmí, rẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1924, Ali Abd al-Raziq, àlùfáà al-Azhar tó tún jẹ́ adájọ́ ṣàríà, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1925. Ó ní iṣẹ́ ìjíṣẹ́ ni Ọlọ́hun rán Ànábì, kò rán an ní iṣẹ́ ọba. Kò sí ibi tí Kùránì ti sọ ipò kàlífà di ọ̀ranyàn, àwọn Mùsùlùmí sì lè fi làákàyè ṣètò ìjọba wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ al-Azhar yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn àlùfáà, iṣẹ́ adájọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó burú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó kórìíra ìwé náà ṣe ohun tó dára: Muhammad al-Khidr Husayn, ọmọ Tùnísíà, jókòó, ó ń kọ ọ̀rọ̀ Ali sílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rí fèsì sí i, títí tí èsì náà fi di odidi ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe é takò nínú èrò Ali, ibẹ̀ ni kó lọ. Husayn di olórí al-Azhar ní 1952. Ali náà padà níyì, ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ wáqúfù, ìyẹn ohun ìní tí a fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ní ìparí àwọn ọdún 1940.

Abu Zayd kò rí irú Husayn. Wọ́n bí i ní 1943 ní abúlé Quhafa nítòsí Tanta, ó há Kùránì sórí ní kékeré, ó sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ láti tọ́jú ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ kó tó wọ yunifásítì. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni Kùránì, ṣùgbọ́n èdè ènìyàn ni Ọlọ́hun fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lóye rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ipò tí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ wà. Ó tún ní kí a má ṣe fi òye tí àwọn àlùfáà ní nípa ẹ̀sìn rọ́pò ẹ̀sìn gan-an. Nígbà tó béèrè ìgbéga sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1992, ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ mẹ́hẹ, wọn kò sì gbé e ga. Láti inú yàrá ìpàdé olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí mínbárì, ó sì di ti kóòtù. Kóòtù kékeré ní Giza lé ẹjọ́ náà dànù ní 1994 nítorí pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn olùpẹ̀jọ́. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gbà á, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 1996.

Àkókò yẹn gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992, níbi ìpàtẹ ìwé ńlá ti Káírò, òǹkọ̀wé Farag Foda, tó ní kí ẹ̀sìn yàtọ̀ sí ìjọba, jókòó ní gbangba pẹ̀lú Sheikh Muhammad al-Ghazali àti àwọn mìíràn, wọ́n jiyàn lórí bóyá ìjọba ẹ̀sìn ló yẹ Íjíbítì, èrò sì pé bìbà láti gbọ́ wọn. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn oníbọn pa Foda.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkàn mi. N kò gbà pẹ̀lú Abu Zayd ní gbogbo ibi. Ìbéèrè ńlá kan wà tí mo fẹ́ kí àlùfáà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í, kó má sì jẹ́ kó sinmi títí tí yóò fi dáhùn: bó bá jẹ́ pé ipò àwọn olùgbọ́ àkọ́kọ́ ló ń darí ìtumọ̀, ta ni yóò sọ fún wa ibi tí ipò parí sí àti ibi tí àṣẹ tí kì í yẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè yìí ì bá mú kí ìwé rẹ̀ jinlẹ̀ sí i, tàbí kó fi àléébù rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìbéèrè takò ọkùnrin tí wọ́n ti gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tó mọ ibi tó ti ṣìnà dákẹ́ kí a má bàa kà wọ́n mọ́ àwọn tó fẹ́ pa á, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì lè ṣàríwísí rẹ̀ mọ́. Ìdájọ́ ló wà nílẹ̀, a kò rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àlùfáà àgbà kan bi mí pé: ṣé kí gbogbo ẹni tó bá ní fóònù wá máa tú Kùránì bó ṣe wù ú nìyẹn? Bàbá, rárá o. Abduh, Ali àti Abu Zayd lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ìmọ̀ kí wọ́n tó lanu. Ìjìtíhàdì ní àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó dá a láṣà, èdè Lárúbáwá sì wà lára wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí ẹni tó mọ̀ bá sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn tó mọ̀ fèsì, kí àwa yòókù sì lè gbọ́ àwọn méjèèjì. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori tó dá Markaz Agége sílẹ̀ dé Íjíbítì, ó rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, ó sì mú ètò kíláàsì wọ ilé-kéwú wa. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí kóòtù nítorí àtúntò yẹn. Àwọn tí kò gbà fún un ní ẹnu, òun náà sì ní kálámù.

Ní 1995, Abu Zayd àti ìyàwó rẹ̀ fi Íjíbítì sílẹ̀, ó sì ń kọ́ni ní Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2010, ó kú sí Káírò, wọ́n sì sin ín sí Quhafa, abúlé tó ti há Kùránì sórí. Ibtihal Yunis, tí kóòtù ti sọ láti ọdún 15 ṣáájú pé kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ mọ́, ni opó tó fi sáyé.