Ànàmọ́ Òyìnbó Inú Ààrò: Kí Ara Rẹ̀ Gbẹ, Kí Inú Rẹ̀ Rọ̀

Ẹ wo ègé ànàmọ́ òyìnbó méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Inú ààrò onígáàsì kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ gbọ́ bí èyí ṣe dún nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ. Èkejì ń tẹ̀ ni, kò dún rárá. Omi ló fà á.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Dídín ló mọ́ wa lára jù lójú títì wa: iṣu díndín, àkàrà, ọ̀dùnkún díndín. Ó dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n agbada ìdín-nǹkan ń fẹ́ òróró púpọ̀. Nínú ààrò, ṣíbí ìjẹun 3 ti tó kìlò kan.

Ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ẹ sọ fún ìyá tó ń tà á pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa èyí tó dọ́gba,” torí kékeré á ti gbẹ kí ńlá tó jinná. Èyí tí ara ẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, ẹ fi sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, oró sì sábà máa ń wà nínú ẹ̀ tí sísè kì í pa. Tẹ́ ẹ bá délé, ibi tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe fíríìjì. Òtútù máa ń jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, á sì dúdú lórí iná kó tó jinná.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má bó o. Ẹ là á sí méjì, ẹ la ìyẹn náà sí méjì, ẹ tún un là lẹ́ẹ̀kan sí i. Ègé 8 nìyẹn, èèpo wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ẹ gbé omi kaná, ẹ fi iyọ̀ sí i àti káún bíńtín, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Bẹ́ẹ̀ ni, káún tá a fi ń se ẹ̀wà. Ó máa ń jẹ́ kí ara ànàmọ́ tètè rọ̀, kí etí ẹ̀ sì rí jákujàku díẹ̀. Tómi bá ti ń hó, ẹ da ànàmọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 8, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ẹ sínú ajere, kẹ́ ẹ gbọn ajere náà dáadáa. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo etí wọn: ó ti rí jákujàku, nǹkan funfun bí ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó máa gbẹ tó máa dún lẹ́nu yín nìyẹn.

Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ajere fún ìṣẹ́jú 10. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú níbí. Omi tó ń hó kì í gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 100 lọ, nítorí náà tí omi bá ṣì wà lára ègé, ó ń sè ni, kò tíì yan. Ìgbà tára ẹ̀ bá gbẹ ló tó lè gbóná kọjá 140, ibẹ̀ ló ti ń pọ́n, ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti ń ta.

Ẹ tan ààrò sí 220, tàbí nọ́ńbà 7, kí àwo irin pẹrẹsẹ gbóná nínú ẹ̀. Ẹ po òróró ẹ̀pà ṣíbí 3 mọ́ iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ata gbígbẹ, atalẹ̀ gígún àti tíìmù, kẹ́ ẹ fi pa ànàmọ́ lára. Èmi ò kì í fi kúùbù sí i, iyọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Aáyù tútù máa ń jó, á sì korò, ẹ jẹ́ kó di ìṣẹ́jú 3 ìgbẹ̀yìn.

Ẹ tò wọ́n, kí ojú tẹ́ ẹ gé kàn irin, kí àyè wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá gun ara wọn, ooru á há sáàárín wọn, wọ́n á tún máa sè. Tí ààrò bá kéré, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú 20, ẹ yí wọn sí ojú kejì, ìṣẹ́jú 15 sí 20 sí i.

Ata díndín àti ẹja sísun ló bá a lọ jù. Ẹ má dà á sínú kúlà o, ooru ara ẹ̀ á sọ ọ́ di rírọ̀ padà. Èyí tó bá ṣẹ́kù dọ̀la, ẹ dá a padà sínú ààrò gbígbóná fún ìṣẹ́jú 8, láìfi òróró kún un.