Méje Nínú Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ Èkìtì kete. Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin ti Houston, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ tí ẹ fi etí kan gbọ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi nìkan ni lónìí, mi ò pe àlejò.

Méje. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní Adó-Èkìtì, aṣòfin méje tó wà lẹ́yìn Fáyóṣé, gómìnà tuntun, jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nípò. Ilé yẹn, ọmọ ilé 26 ló ní. Abala 96 nínú ìwé òfin 1999 ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé kí ilé tó lè jókòó. Ẹ pín 26 sí ọ̀nà mẹ́ta: mẹ́jọ àti díẹ̀. A kì í rí aṣòfin tó jẹ́ díẹ̀ (ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín), nítorí náà mẹ́sàn-án ni. Láti yọ olórí ilé, abala 92 ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 18. Méje ò tó jókòó lásán, áńbọ̀sì pé wọ́n á yọ ẹnikẹ́ni.

Bí ìdìbò gómìnà oṣù kẹfà ọdún yẹn ṣe lọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Fáyóṣé ní ìbò 203,090, Fáyẹmí, gómìnà tó wà lórí oyè, ní 120,433, Fáyóṣé sì mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 pátá. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ló dùn mí. Nígbà tí àwọn kan ń pariwo pé méje ò tó, èsì tó gba ìgboro ni pé: "Kí ni àwọn 19 yòókù ti ṣe fún wa rí?"

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń retí owó àjẹmọ́nú. Ó débi iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní ó wà níwájú ìgbìmọ̀. Ó padà lọ, wọ́n ní àwọn aṣòfin ò tíì fọwọ́ sí i. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù. Ibo ni bàbá yìí ti máa mọ̀ pé ọgbà ni òfin, tí wọ́n fi yí alágbára ká kó má baà jẹ oko olóko? Àwáwí àwọn ọ̀gá ni òfin lójú tiẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá fẹsẹ̀ wó o, bàbá á ní, "Ó ṣeun! Ó ti bá wa wó àwáwí wọn." Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìfẹ́ alágbára ti ń bẹ̀rẹ̀. Kérésìmesì 2014 wá dé, ìrẹsì àti adìyẹ ti ọ̀dọ̀ Fáyóṣé dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ìrẹsì ṣeé gbé sílé. Níbo lèèyàn á gbé 18 sí?

Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, "Ìwọ tó ń gbé ìlú òyìnbó, tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ, o wá ń kọ́ wa ní òfin." Ó dáa. Ẹ fún mi láyè kí n fèsì, torí mo ti ń retí yín. Lákọ̀ọ́kọ́, òyìnbó náà ń ṣe é. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2021, ní Washington, àwọn èèyàn fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọlé kí wọ́n má baà ka ìbò tán, àwọn tó kàwé sì wà nínú wọn. Ìkejì, mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn àwọn 19. Ẹ bínú sí wọn, ẹ dìbò lé wọn kúrò, mo wà lẹ́yìn yín. Iye ni mò ń sọ, mi ò sọ ti ojú ẹnikẹ́ni. Torí iye yẹn kan náà ló yẹ kó dáàbò bo Fáyóṣé fúnra rẹ̀ ní 2006, nígbà tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà, wọn ò sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ẹ ti gbàgbé? Abala 188 to ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ gómìnà. Ìdá kan nínú mẹ́ta lára àwọn aṣòfin á kọ ìwé ẹ̀sùn. Láàárín ọjọ́ 14, ìdá méjì nínú mẹ́ta á pinnu bóyá kí wọ́n wádìí. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ á wá yan èèyàn méje tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n á gbé e yẹ̀ wò láàárín oṣù mẹ́ta. Bí wọn ò bá rí ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní Èkìtì, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ò rí ẹ̀bi. Àwọn aṣòfin kọ̀ ọ́, wọ́n dá adájọ́ àgbà dúró, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, ìgbìmọ̀ tuntun sì gbé èsì tí wọ́n fẹ́ jáde. Èèyàn mẹ́ta ló wá ń pe ara wọn ní gómìnà lẹ́ẹ̀kan náà: òun, igbákejì rẹ̀, àti olórí ilé. Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde kò-fararọ, ó gbé ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì lé wa lórí fún oṣù mẹ́fà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà. Ọdún mẹ́jọ péré ló fi wà níbẹ̀ kí ọwọ́ ẹlòmíì tó tó o.

"Ta ló dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀? Ṣebí sójà ni?" Há! Ẹ ti dìídì tọ́jú èyí dè mí. Òótọ́ ni, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, Abacha kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, Abacha yìí náà ló lé gbogbo gómìnà tí a dìbò yàn lọ sílé, Olúmilúà sì wà nínú wọn, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí a dìbò yàn láti ṣàkóso Oǹdó, tí a wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ó gba gómìnà wa, ó fún wa ní ìpínlẹ̀, kò sì bi wá léèrè nígbà kankan. Títí di 1999, sójà ló ń ṣàkóso ohun tó fún wa.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí n wo Bukele, ààrẹ El Salvador. Mo ti wò ó. Ní 2015, wọ́n pa ju 6,600 èèyàn níbẹ̀. Ní 2024, iye tí ìjọba kà jẹ́ 114. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti lè jáde lálẹ́ ò purọ́ tó bá ń yìn ín, n kò sì ní bá a jiyàn. Ẹ ṣáà wo bí wọ́n ṣe tò ó. Oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn adájọ́ tó ń túmọ̀ ìwé òfin. Oṣù kẹsàn-án, àwọn adájọ́ tuntun ní ó lè du ipò lẹ́ẹ̀kejì léraléra, ohun tí ìwé òfin kọ̀. Ní 2022 ni wọ́n tó kéde kò-fararọ, ọgbọ̀n ọjọ́ péré, tí wọ́n wá ń sọ di tuntun lóṣooṣù. Ó lé ní 80,000 èèyàn tí wọ́n kó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ìjọba fúnra rẹ̀ sì tún tú sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n mú òpin kúrò lórí iye ìgbà tí ààrẹ lè du ipò. Adájọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí wọ́n tó kéde kò-fararọ. Bí ẹ bá tún gbọ́ "ọwọ́ líle", ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ni ọwọ́ náà kọ́kọ́ bà.

Ẹlòmíì á ní, "Awólọ́wọ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ tiẹ̀ ò le?" Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn òbí wa jẹ àǹfààní rẹ̀, 1952 ni wọ́n gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn, oṣù kìíní ọdún 1955 ni àwọn ọmọ wọlé. Owó orí tí wọ́n fi kún un bí àwọn èèyàn nínú gidi, nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 1954, NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nílé tiẹ̀ gan-an. Wọn ò lé adájọ́, wọn ò fagi lé ìbò. Wọ́n ṣí iléèwé lẹ́yìn náà, ní 1956 wọ́n tún padà lọ bá àwọn olùdìbò tó nà wọ́n yẹn.