Fífi Script Tí A Ti Túmọ̀ Pamọ́: Ohun Tí Lua Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan ẹnikẹ́ni tó bá ti fi èdè kékeré kan sínú áàpù rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn lè máa fi script, ìyẹn àṣẹ tí a fi èdè kékeré náà kọ, darí rẹ̀ láìfọwọ́ kan kóòdù ìpìlẹ̀. Lua ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá a. Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1993 ní yunifásítì PUC ní ìlú Rio de Janeiro, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún Petrobras, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ilẹ̀ Brazil. Lónìí ó wà nínú dátábéèsì Redis, ó wà nínú Adobe Lightroom tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ó wà nínú géèmù World of Warcraft. LuaJIT tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ sì wà nínú Neovim, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ kóòdù.

Lua kì í ka ìlà kan kó ṣe é, kó tó ka èkejì. Á ka gbogbo script náà tán, á yẹ gírámà rẹ̀ wò, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí bytecode, ìyẹn àṣẹ kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí script bá pọ̀ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí ni áàpù ń tún ṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i. Ẹni tó ní ẹ̀lùbọ́ nílé kì í tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu nígbà tí ebi bá dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́jú bytecode pamọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Láti inú èdè C, lua_dump ni a ń pè. A ó fún un ní function tiwa, lua_dump yóò sì máa kó bytecode náà fún function yìí ní ègé-ègé. Àwa la mọ̀ bóyá inú fáìlì ni a fẹ́ kó o sí tàbí inú dátábéèsì. Láti inú Lua fúnra rẹ̀, string.dump ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Láti ojú àṣẹ, irinṣẹ́ luac ni. Tí a bá fẹ́ gbé e padà, lua_load ń gba bytecode bó ṣe ń gba script lásán. Báìtì àkọ́kọ́ ló fi ń mọ ìyàtọ̀: bó bá jẹ́ 27, tí lẹ́tà L, u, a sì tẹ̀ lé e, ó ti mọ̀ pé bytecode ni. Ohun tó máa dá padà fún wa jẹ́ function, kò sì ní ṣiṣẹ́ títí a ó fi pè é.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé script á túbọ̀ yára ṣiṣẹ́ bí a bá ti túmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bytecode kan náà ni ẹ́ńjìnnì máa ṣe lọ́nà méjèèjì; ìgbà tí à ń gbé e wọlé nìkan ni èrè wà. Fáìlì náà tilẹ̀ lè tóbi ju script tó ti wá lọ.

Orí fáìlì yẹn, ìyẹn àwọn báìtì tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dùn mọ́ mi gan-an. Lẹ́yìn àmì Lua, nọ́ńbà ẹ̀yà ló kàn, 0x54 fún Lua 5.4. Lẹ́yìn rẹ̀ ni báìtì mẹ́fà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x19 àti 0x93, ọdún tí wọ́n dá Lua sílẹ̀, tí àmì òpin ìlà sì tẹ̀ lé e. Àwọn àmì òpin ìlà yìí wà níbẹ̀ kó lè hàn bí ẹnì kan bá ti fi fáìlì náà ránṣẹ́ bí ẹni fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́, tí ọ̀nà sì ti yí i padà. Wọ́n tún kọ nọ́ńbà 0x5678 àti 370.5 síbẹ̀: bí kọ̀ǹpútà tó ń kà á bá rí iye mìíràn, a jẹ́ pé kì í to báìtì bí èyí tó kọ ọ́. Nítorí nọ́ńbà ẹ̀yà náà, bytecode 5.3 kò ní wọ inú 5.4.

Ohun tí orí fáìlì kò lè sọ fún wa ni bóyá ẹnì kan ti tún script náà kọ látàárọ̀. Àwa ni ká ṣọ́ ìyẹn. Neovim 0.9, tó jáde ní 2023, ní vim.loader tó ń tọ́jú bytecode. Ó ń fi ìwọ̀n fáìlì àti àkókò tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn wé ohun tó ti kọ sílẹ̀. Èdè Python náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáìlì inú __pycache__, níbi tó ń kó bytecode tirẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyí. Ẹ wo kóòdù yìí ní Lua 5.4:

local iye = 0
local function ka() iye = iye + 1; return iye end
local f = load(string.dump(ka))
f()

Ẹni tó kọ ọ́ ń retí 1. Àṣìṣe ni yóò rí: Lua á ní òun kò lè ṣe ìṣirò pẹ̀lú table, ìyẹn àkójọ orúkọ àti iye wọn. string.dump kọ àṣẹ inú ka sílẹ̀, kò kọ iye tó wà nínú variable tó jẹ́ ti ìta. Nígbà tí load gbé e padà, ó fi table àgbáyé _G sí ipò variable àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ iye níhìn-ín. Bákan náà, function C tí áàpù wa fi lé Lua lọ́wọ́ kò sí nínú fáìlì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí ẹ tó pe script.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba bytecode lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Lua 5.1 ní ohun tó ń yẹ bytecode wò, láti 5.2 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, ìwé ìtọ́sọ́nà sì kìlọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ní 2015, ó hàn pé ẹni tó bá lè fi àṣẹ EVAL ránṣẹ́ sí Redis lè gba ọ̀nà bytecode jáde kúrò nínú ọgbà tí wọ́n sé script mọ́, kó sì máa ṣe ohun tó wù ú lórí sáfà. Ẹ̀yà Redis 2.8.21 àti 3.0.2 ni wọ́n fi dí ihò náà. Bí script bá ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wá, ẹ fi "t" sí ipò mode nínú load, kó má gba ohunkóhun tó yàtọ̀ sí script tí a fi ọ̀rọ̀ kọ.

Èmi gbà pé fáìlì bytecode gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè parẹ́ nígbàkigbà láìsí ìpalára. Bí kò bá gbé wọlé, ẹ pa á rẹ́, ẹ túmọ̀ script lọ́tun, ẹ má fi ìdààmú náà han ẹni tó ń lo áàpù. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi orúkọ ìgbà díẹ̀ kọ ọ́ tán pátápátá kí ẹ tó yí orúkọ padà, kí iná tó lọ lójijì má fi ààbọ̀ fáìlì sílẹ̀ fún yín.

Ẹnì kan béèrè bóyá luac -s lè bo script wa mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ìlà àti orúkọ variable local ló ń yọ. Àwọn irinṣẹ́ tó ń yí bytecode padà sí script wà káàkiri, wọn yóò sì ṣì rí iṣẹ́ yín kà. Ní tiyín, bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà, àmì ìbéèrè lẹ ó rí níbi tó yẹ kí ẹ ti rí orúkọ fáìlì, ẹ kò sì ní rí nọ́ńbà ìlà tòótọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ má lo -s, àfi tí àyè bá há gan-an lórí ẹ̀rọ náà.