Ta Ló Ń Sè fún Bosch?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, èmi nìkan náà ni, kò sí àlejò lónìí. Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí, kì í ṣe Manchester, nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìtòkú, iná ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, torí náà ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn mi, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Àkùkọ kan náà wà ńbí tí kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ẹ bá mi fara dà á.

Ìwé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, tó bá ti di òru tí gbogbo wọn ti sùn, tí mo ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ti kọ gbogbo ohun tó yẹ kí n kọ sílẹ̀, ìwé ló kù tó lè gbà mí lọ́wọ́ oorun. Èyí tí mo wá kó sí báyìí ni síríìsì Harry Bosch, ti Michael Connelly ará Amẹ́ríkà. Ọdún 1992 ni àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde, wọ́n ti fi ṣe fíìmù alápá púpọ̀ pàápàá, àmọ́ ẹ fi fíìmù yẹn sílẹ̀ ná. Akọ̀ròyìn ni Connelly yìí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ló ń kọ fún ìwé ìròyìn kó tó máa kọ ìtàn, ó sì hàn nínú iṣẹ́ ẹ̀, torí ó mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ rípọ́ọ̀tù, ó mọ irú irọ́ tí ọ̀gá máa ń pa fún ọ̀gá tó jù ú lọ.

Bosch fúnra ẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ní Los Angeles, ẹjọ́ ìpànìyàn ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ayé ti fojú ọkùnrin yìí rí màbo. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ni ìyá ẹ̀ ń ṣe, ìjọba ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ilé àwọn ọmọ tí ìjọba ń tọ́ ló wà nígbà tí wọ́n pa ìyá ẹ̀ ní 1961, ó ku díẹ̀ kó bọ́ sí ọmọ ọdún méjìlá. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Ó dàgbà, ó lọ ogun Vietnam, iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni kó máa rá wọ inú àwọn ihò tí àwọn ọ̀tá gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, nínú òkùnkùn biribiri, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn kékeré kan. Ẹni tó bá ti irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde, ṣé ẹ retí kó máa rẹ́rìn-ín ni? Kì í rí oorun sùn dáadáa, orin jazz ló ń gbọ́ lóru, kò bá ọ̀gá rẹ́, ìgbéyàwó ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mú lọ́kàn ni pé bí wọ́n bá wá ẹni tó pa olówó, kí wọ́n wá ẹni tó pa aṣẹ́wó bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí kálukú kúkú jókòó sílé ẹ̀.

Ìwé kẹrin, tó jáde ní 1995, òun ló gbá mi mú. Níbẹ̀ ẹ bá a tó ti lu ọ̀gá ẹ̀, ó gbá a wọ inú gíláàsì, wọ́n ti lé e lọ sílé pé kó lọ máa rí dókítà tó ń bójú tó ọpọlọ kó tó lè padà. Ilé tó sì ń gbé, ilẹ̀ tó mì ní Los Angeles ní 1994 ti sán an, ìjọba ti ní wíwó ni, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀, òun ń yọ́ wọlé, ó ń yọ́ jáde, ó ń fi nǹkan dí ibi tó sán bí ẹni pé òun lè dá tún un ṣe. Ìgbà tí kò níṣẹ́, tí kò nílé, ìgbà yẹn ló wá rántí fáìlì ikú ìyá ẹ̀, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Àwọn èèyàn tí mo bá jíròrò ẹ̀, ìbínú ẹ̀ ló dùn mọ́ wọn, bó ṣe ń gbá ilẹ̀kùn, bó ṣe ń fèsì fún àwọn ọ̀gá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí tìbínú rò, bó ṣe ń ka fáìlì ló ń pa mí. Nínú gbogbo síríìsì yẹn, tí ẹjọ́ bá ti dojú rú, ọkùnrin yìí á padà síbi fáìlì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kó ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sí, á ṣí i láti ojú ìwé àkọ́kọ́ bí ẹni tí kò rí i rí, á máa wo ohun tó wà níbẹ̀, á máa wo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Kí ló dé tí wọn ò bi ẹni báyìí ní ìbéèrè? Ta ló bu ọwọ́ lù ú? Ọjọ́ wo? Iṣẹ́ akọ̀wé ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ìbọn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ẹ má wá rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ fún wa nírú èèyàn báyìí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé Yorùbá dáadáa, ẹ ó rántí Lápàdé, inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, àti Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé náà ti ṣe ọlọ́pàá rí, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ kò lè rí ọ̀daràn kó mójú kúrò. Àmọ́ Bosch kì í sọ̀rọ̀, Lápàdé kì í dákẹ́. Òwe, èébú, yẹ̀yẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń dà lẹ́nu ẹ̀ wàràwàrà, ó tún ní Tàfá Ìgìrìpá tó ń bá a káàkiri. Mi ò rò pé Òkédìjí lè kọ ìtàn ọkùnrin tó dá jókòó tó ń gbọ́ orin títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìsí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn pé kí ló ṣe ẹ́ tó ò jáde. Ìbàdàn ni wọ́n wà ná, ta ló máa fi í sílẹ̀?

Ó dáa, ohun tó jẹ́ kí n gbé foonu lónìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Bìgì Mọ́mì la máa ń pè wọ́n. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, ní Ìtòkú níbí, èékánná wọn kì í funfun láéláé, aró ti wọ̀ ọ́. Ọmọ wọn àgbà, ẹ̀gbọ́n mi, típà tó kó yanrìn ló pa á ní etí títì, nígbà tí mo ti wà lókè òkun. Dírẹ́bà sá lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wá wọlẹ̀ sí. Lónìí àwọn ọlọ́pàá á ní kí Bìgì Mọ́mì mówó epo mọ́tò wá káwọn lè lọ mú dírẹ́bà, lọ́la IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ò sí lórí sít, lọ́túnla wọ́n ti gbé IPO lọ sí ìpínlẹ̀ míì, nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ti mọ orin yìí lórí.

Bìgì Mọ́mì ra ìwé ọmọ ilé ìwé, olójú ewé ọgọ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n gbé e fún mi lánàá, mo jókòó sórí àpótí mo ń kà á. Yorùbá ni gbogbo ẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n kọ pé àwọn débẹ̀ láago mẹ́sàn-án, ọ̀gá tó pupa ní kí àwọn padà wá lọ́la, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ojú ewé kejì, ọ̀gá tó pupa ò sí, èyí tó sanra ní ta ló rán yín wá, àwọn ní ọmọ àwọn tó ti kú ló rán àwọn wá. Orúkọ, ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ, owó tí wọ́n gbà, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á. Ìka tó ní aró wà ní igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan, búlúù, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣí i. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Mo ní Bìgì Mọ́mì, kí ló mú yín ronú kan èyí, wọ́n ní ṣé mo rò pé orí ni àwọn fi ń rántí ẹni tó jẹ àwọn ní gbèsè ni?

Lọ́yà tó wá gba ẹjọ́ náà, ọmọ ìyá kan tó ń ta kàmpálà ni. Ó mú ìwé yẹn lọ sílé, ó fi kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá lókè, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú búrẹ́dì. Fáìlì tí wọ́n ní ó sọnù jáde o! Kò sọnù rí. Ẹjọ́ ti dé kóòtù báyìí, wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n tún ń sún un síwájú, ibi tó dé nìyẹn.

Àárọ̀ yìí, wọ́n ń fi okùn di aṣọ, wọ́n ní kí lò ń kà tójú ẹ ò fi kúrò lára foonu. Mo ròyìn Bosch fún wọn, ikú ìyá ẹ̀, ogun, ilé tó sán, gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò dá okùn dúró.

"Ta ló ń sè fún un?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń sè fún un, ó ń dá gbé.

"Kò lẹ́bí ni?"

Mo ní ó ní àbúrò kan, ọmọ bàbá ẹ̀, lọ́yà ni, wọ́n dàgbà tán kí wọ́n tó mọra wọn.

Wọ́n gbójú sókè. "Àbúrò ẹ̀ jẹ́ lọ́yà, ó wá ń dá rìn? Irú yẹ̀yẹ́ wo nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn, torí Bìgì Mọ́mì ò dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn rí. Rárá. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn ní Ìtòkú ni wọ́n jọ ń lọ, àǹkárá kan náà lọ́rùn gbogbo wọn, bí ẹni ń lọ òde ìsìnkú, wọ́n á kún bẹ́ńṣì, àwọn tí kò ríbi jókòó á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dá lọ síbẹ̀, wọ́n lè ní kóun náà wá sùn sẹ́yìn káńtà. Ìlú yìí kúkú ti mọ̀ ọ́n. Ní 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ sí ààfin ní Aké nítorí owó orí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni, kì í ṣe akọni kan, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì tán títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1948, tí wọ́n sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Wọ́n ní ìyá àgbà tiwa wà níbẹ̀, àmọ́ ní Abẹ́òkúta, kò sílé tí kò ní ìyá àgbà tó wà níbẹ̀.

Ibi tí ìwé Bosch yẹn ti wá ń bí mi nínú díẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ o. Connelly ò lè jẹ́ kí Bosch sinmi. Tó bá sùn dáadáa tó jí tó rẹ́rìn-ín, ìwé tán nìyẹn. Torí náà ọgbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀ láti ìwé dé ìwé, àwa tá à ń kà á wá gbà pé bí ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, kó rù, kó dijú mọ́rí, kó má bá èèyàn da nǹkan pọ̀. Bìgì Mọ́mì máa ń jó. Wọ́n lọ ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, gèlè wọn ga, wọ́n jó débi pé wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n náwó fún onílù, wọ́n sì jẹ láfún kún ikùn nígbà tá a délé torí ìrẹsì òde ò tó wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹnu sí mi létí pé ara wọn ti yá báyìí, wọ́n ti gbàgbé ọmọ yẹn, a dúpẹ́. Gbàgbé kẹ̀? Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ki ìwé ọmọ ilé ìwé yẹn bọ báàgì, wọ́n ń dúró de àwọn yòókù kí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù. Obìnrin yẹn, tó bá jẹ́ pé wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n fajú ro ni, á ní ìyà ọmọ wọn ń jẹ wọ́n, á gbà pé wọ́n ṣì ń wá ẹ̀tọ́. Mo fẹ́ fún un lésì, àmọ́ àgbà ni, mo kàn ń wò ó.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ka Bosch o, ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fo, torí ìwé kẹrin yẹn ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí nínú mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹ sì wá Lápàdé náà kà, ẹ bi àwọn tó ń ta ìwé Yorùbá.

Bìgì Mọ́mì wá bi mí ní ìrọ̀lẹ́ bóyá Bosch rí ẹni tó pa ìyá ẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n sọ, mi ò lè gbé e sórí ẹ̀rọ, yàtọ̀ sí pé ó máa ba ìwé jẹ́ fún ẹni tí kò tíì kà á, èébú náà pọ̀ nínú ẹ̀. Èmi ti wà nínú ìwé kẹfà báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣíwájú mi, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ ẹ má sọ ibi tó parí sí. Iná ti dé, ẹ jẹ́ kí n lọ cháàjì foonu yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.